Etí Tó Ń Di: Ṣé Ká Dúró De Ẹ̀rọ Tó Ń Bọ̀, àbí Ká Gba Èyí Tó Wà Nílẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ẹni ọdún 46 ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí etí mi ti ń di díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ àfisétí ni mò ń lò, ṣùgbọ́n ti òsì kò wúlò fún mi mọ́ rárá. Mò ń gbọ́ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀, n kò mọ ohun tó ń sọ. Ti ọ̀tún ṣì ń gbìyànjú. Dókítà ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbin ẹ̀rọ sí etí òsì. Àbúrò mi ọkùnrin wá fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, níbi tí ẹnjiníà kan ti ń ṣàlàyé ẹ̀rọ bíńtín kan tí wọn yóò fi sínú etí, tí kò ní hàn síta, tí yóò sì máa da oògùn sínú etí títí ohun tó bàjẹ́ yóò fi sàn. Ó ní bí mo bá jẹ́ kí wọ́n gbin ti ìsinsìnyí, mo ti ba etí náà jẹ́ nìyẹn, tuntun náà kò ní lè wúlò fún mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dúró ni, àbí kí n gbà?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, arábìnrin mi. Ohun tí fídíò àbúrò yín dá lé ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe: àwọn ẹ̀rọ bíńtín tí a fẹ́ kí wọ́n máa gbé inú etí èèyàn. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ibi tí iṣẹ́ lórí nǹkan náà dé àti ibi tí kò tíì dé. Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi mí ní ìbéèrè yìí, tí àyẹ̀wò rẹ̀ sì bá ohun tí ẹ sọ mu, n kò ní gbà á nímọ̀ràn pé kó dúró lórí etí òsì. Ti ọ̀tún, mo máa ní kó má tíì fọwọ́ kàn án. Àlàyé rẹ̀ gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Bí ó ṣe yé mi sí, ẹ̀rù ilẹ̀kùn tí èèyàn tì tí kò ní ṣeé ṣí mọ́ ló ń bà yín ju ẹ̀rù abẹ lọ. Ẹ̀rù náà bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Ẹ̀rọ tó pamọ́ pátápátá sábẹ́ awọ, ọ̀kan nìyẹn. Pọ́ǹpù kékeré tó ń da oògùn sínú etí, òmíràn nìyẹn. Oògùn tó lè mú kí ohun tó ti kú nínú etí tún hù, ẹ̀kẹta nìyẹn, òun ló sì jìnnà jù sí wa. Fídíò ìṣẹ́jú díẹ̀ lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ kó dà bíi pé ohun kan ṣoṣo ni. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ sì ni ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò dé ọ̀dọ̀ aláìsàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Ìró tó bá wọ etí á gbọn awọ ìlù etí, awọ náà á gbọn egungun kéékèèké mẹ́ta tó so kọ́ra wọn, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn á sì máa ti omi inú kọ́kílíà síwá sẹ́yìn. Kọ́kílíà ni ihò inú egungun tó ká bí ìkarahun ìgbín, ìyípo rẹ̀ ju méjì àti ààbọ̀ lọ díẹ̀. Bí a bá tú u nà, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 35. Inú rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wà, nǹkan bíi 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, nǹkan bíi 12,000, ń gbé ìró tó rọlẹ̀ ró kó lè dún dáadáa. Nǹkan bíi 3,500 ló ń sọ gbígbọ̀n omi náà di iná tí iṣan ìgbọ́ràn ń gbé lọ sí ọpọlọ. Bí sẹ́ẹ̀lì yìí bá kú lára ẹyẹ, òmíràn á hù rọ́pò rẹ̀. Lára èèyàn, èyí tó bá kú kò ní arọ́pò. Ariwo tó pọ̀ jù ń pa wọ́n, ọjọ́ orí ń pa wọ́n, àwọn oògùn kan bíi gentamicin àti cisplatin ń pa wọ́n, ohun tí èèyàn jogún láti ara òbí náà sì lè pa wọ́n.

Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ ohùn láìgbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ àfisétí ń fi agbára kún ìró ni. Bí sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gba ìró náà bá ṣì wà níbẹ̀, inú rẹ̀ á dùn láti gbà á. Bí kò bá sí ẹni tó máa gbà á mọ́, kí ẹ fi agbára kún un di ìlọ́po mẹ́wàá, ariwo lásán ni yóò dà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìró òkè, tí wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́kílíà, ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ń gba ìró ìsàlẹ̀ wà ní inú lọ́hùn-ún, wọ́n sì máa ń pẹ́ díẹ̀. Fún ẹni tó ń sọ Yorùbá, ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde ni pé ẹ lè máa gbọ́ dò-rè-mí ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ mọ̀ pé ohùn lọ sókè tàbí ó wá sílẹ̀, síbẹ̀ kí ẹ má mọ̀ bóyá s ni wọ́n pè, tàbí f, tàbí k. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni mo máa gùn lé nígbà tí mo bá padà dé orí ọ̀rọ̀ etí ọ̀tún.

Ẹ̀rọ àgbìnsétí tí dókítà yín ń sọ yàtọ̀ pátápátá sí àfisétí. Ó máa ń fo àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú kọjá, á fi iná bá iṣan ìgbọ́ràn sọ̀rọ̀ ní tààrà. Èrò náà kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1957, ní Paris, André Djourno àti Charles Eyriès fi iná ta iṣan ìgbọ́ràn ọkùnrin kan tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì gbọ́ ìró. Lọ́dún 1961, William House gbin irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí etí aláìsàn ní Los Angeles. Èyí tó wá jáde láti ọwọ́ House ní ojú iná kan ṣoṣo: ẹni tó bá lò ó á mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, á mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dúró, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti máa wo ẹnu èèyàn mọ ohun tó ń sọ. Láti gbọ́ ọ̀rọ̀ láìwo ẹnu, ojú iná kan kò tó. Ingeborg Hochmair àti Erwin Hochmair, ẹnjiníà méjèèjì, mú ti olójú púpọ̀ jáde ní Vienna lọ́dún 1977. Graeme Clark, tó jẹ́ dókítà abẹ tí bàbá òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ràn dáadáa, gbin tirẹ̀ ní Melbourne lọ́dún 1978. Lọ́dún 1991, Blake Wilson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde tí àwọn ojú iná náà ń gbà ṣiṣẹ́ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, tí méjì kì í ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà yẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó lè gbọ́ gbólóhùn láìwo ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́. Nígbà tí ọdún 2019 fi máa parí, ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti gbìn káàkiri ayé ti lé ní 736,000.

Ohun tí wọn máa fi sí yín lára pín sí méjì. Apá kan wà níta, lẹ́yìn etí: makirofóònù, bátìrì, àti kọ̀ǹpútà kékeré tó ń túmọ̀ ìró. Apá kejì wà lábẹ́ awọ: àpótí titanium pẹlẹbẹ kan, àti okùn rọ́bà sílíkónì tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ inú kọ́kílíà lọ, tí ojú iná platinum tò sí lára. Ojú iná wọ̀nyí, tí àwa ń pè ní electrode, jẹ́ 12 sí 22, ó dá lórí ẹni tó ṣe é. Kò sí bátìrì nínú èyí tó wà lábẹ́ awọ. Agbára ń gba inú awọ kọjá láti ara wáyà kan tí a ká róbótó, mágínẹ́ẹ̀tì sì ni kò jẹ́ kí ìta kúrò lójú inú.

Níbí ni kí ẹ ti gbọ́ òdodo tí fídíò ìpolówó kì í sọ. Ojú iná 22 fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì 3,500 ń ṣe. Pẹ̀lú ìyẹn náà, omi iyọ̀ ló kún inú kọ́kílíà, iná sì ń ràn nínú omi iyọ̀. Ojú iná tí a fẹ́ kó bá iṣan díẹ̀ sọ̀rọ̀ á bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni fi ìgbálẹ̀ kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ̀rọ náà ń gbé e dáadáa. Ọ̀rọ̀ láàárín èrò ṣòro fún un. Orin ṣòro fún un. Lílọ sókè àti wíwá sílẹ̀ ohùn náà ṣòro fún un, ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè Ṣáínà, tí òun náà ń fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, sì ti fi èyí hàn. Àwọn tó ń sọ irú èdè bẹ́ẹ̀ ń lo ẹ̀rọ náà, ó sì ń ṣe wọ́n láǹfààní, nítorí pé ọpọlọ máa ń fi ìyókù ọ̀rọ̀ mọ ohun tí ohùn kò sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ẹ ó jí lọ́jọ́ tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà kí ẹ máa gbọ́ bíi ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé ohùn èèyàn kọ́kọ́ dún bíi ti ẹ̀rọ, tàbí bí ẹyẹ tó ń ké. Oṣù mélòó kan ni ọpọlọ fi ń kọ́ ọ, ẹni tó bá sì ń fi etí náà ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ló máa ń tètè kọ́ ọ.

Ó yá, ká wá sórí ohun tí àbúrò yín ń sọ. Ẹ̀rọ tí kò ní hàn síta rárá, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lé e. Ìṣòro méjì ló dì í mú. Àkọ́kọ́ ni makirofóònù. Bí ẹ bá gbé makirofóònù sábẹ́ awọ, awọ á bo ìró ìta mọ́lẹ̀, á sì gbé ìró ara jáde: ẹ ó gbọ́ jíjẹun, mímí, àti ìgbà tí irun ń ha awọ. Nítorí náà, àwọn kan gbà pé ó sàn kí a lo etí fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí awọ ìlù etí yín ṣì máa gbọ̀n dáadáa, arábìnrin mi, kó jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ni nǹkan ti bàjẹ́. Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí láti yunifásítì MIT, Harvard àti Columbia, àti láti Mass Eye and Ear, ilé ìwòsàn ojú àti etí kan ní Amẹ́ríkà, ṣàfihàn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ń fara ti àárín gbùngbùn awọ náà láti apá inú, tó sì ń sọ gbígbọ̀n rẹ̀ di iná. Gbígbọ̀n yẹn kéré dé ìwọ̀n nánómítà, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà kan. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wú mi lórí ni. Inú egungun etí àwọn òkú tí wọ́n fi ara wọn sílẹ̀ fún ìmọ̀ ni wọ́n ti dán an wò, ọ̀nà ibẹ̀ sí etí alààyè sì ṣì gùn.

Ìṣòro kejì ni agbára. Bí ohun gbogbo bá wọ abẹ́ awọ, bátìrì náà á wọlé, bátìrì tí à ń gba iná sí á sì darúgbó lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ìyẹn túmọ̀ sí abẹ mìíràn láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ lè ti gbọ́ pé etí ní bátìrì tirẹ̀. Òótọ́ ni, omi inú kọ́kílíà ní iná tirẹ̀ tó tó nǹkan bíi mílífóòtì 80 sí 100. Lọ́dún 2012, àwọn olùwádìí ní Boston fà á lò láti inú etí gínì-píìgì, ẹranko kékeré kan tó jọ eku, wọ́n fi gbé ẹ̀rọ bíńtín kan ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀. Ohun tí wọ́n rí fà jẹ́ nǹkan bíi nánówáàtì kan. Ẹ̀rọ àgbìnsétí ń jẹ mílíwáàtì, ìyẹn bí ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Inú mi dùn nígbà tí mo ka iṣẹ́ náà, mo sì ka iye yẹn mọ́ ọn, nítorí pé òun ló ń sọ bí ọ̀nà ti jìn tó.

Pọ́ǹpù oògùn ńkọ́? Ìdí tí a fi nílò rẹ̀ ni pé oògùn tí èèyàn gbé mì kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú kọ́kílíà. Ohun kan wà tó ń dáàbò bo omi inú etí lọ́wọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà fún ọpọlọ. Dókítà lè gba awọ ìlù etí fún un ní abẹ́rẹ́, kí oògùn máa rin wọlé láti ojú fèrèsé kékeré kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́kílíà. Ẹnu ọ̀nà á mu yó, inú lọ́hùn-ún á fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ inú lọ́hùn-ún ni ọ̀pọ̀ ìró ọ̀rọ̀ wà. Omi tó wà níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin mílílítà kan. Bí ẹ bá ti oògùn wọlé láìfa nǹkan kan jáde, ìfúnpá á ba sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù jẹ́. Èyí ló mú kí àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Draper ní Massachusetts àti àwọn dókítà Mass Eye and Ear ṣe pọ́ǹpù tó ń ti bíńtín wọlé, tó sì ń fa ìwọ̀n kan náà padà, léraléra, kí oògùn lè máa pòpọ̀ wọ inú láìjẹ́ kí omi pọ̀ sí i. Wọ́n ti lò ó fún gínì-píìgì. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé irú ọ̀nà yìí ni a óò gbà dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni pọ́ǹpù, ẹrù ni oògùn. Títí di àkókò tí mò ń kọ èyí, kò sí oògùn kankan tí àjọ tó ń bójú tó oògùn fọwọ́ sí pé ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì onírun hù padà nínú etí èèyàn. Àwọn kan ti dé orí ìdánwò lára èèyàn, wọn kò sì borí ìdánwò náà. Ohun tó sún mọ́ wa jù ni okùn ojú iná tó ń tu dexamethasone jáde díẹ̀díẹ̀ kí etí má baà wú lẹ́yìn abẹ. Wọ́n ti ń dán ìyẹn wò lára èèyàn, ṣùgbọ́n ààbò fún ohun tó ṣẹ́ kù ni iṣẹ́ tirẹ̀, kò ń jí ohun tó kú. Ẹ lè tún gbọ́ nípa àwọn ọmọdé ní Ṣáínà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn lẹ́yìn ìtọ́jú àbùdá. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2024, ọmọ márùn-ún nínú mẹ́fà ló gbádùn rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ní àbùkù nínú àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní OTOF. Sẹ́ẹ̀lì wọn wà láàyè, wọn kàn kò lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí iṣan ni. Etí tó ń di díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà àgbà kì í sábà jẹ́ irú yẹn. Ní Göttingen, Jámánì, Tobias Moser àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ rọ́pò iná, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í ràn nínú omi bíi ti iná. Bó bá bọ́ sí i, ìgbálẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á di gègé. Kí iṣan tó lè mọ ìmọ́lẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí àbùdá rẹ̀ padà, ara ẹranko ni iṣẹ́ náà sì ṣì pọ̀ sí.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tó ń pẹ́ tó báyìí. Omi ni. Inú ara èèyàn jẹ́ omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í sinmi, kì í sùn, ó ń wá ojú ihò kiri. A lè fi titanium di ẹ̀rọ pa, ṣùgbọ́n wáyà gbọ́dọ̀ jáde nínú rẹ̀. Bí ojú iná bá jẹ́ 22, ojú ibi tí wáyà ti ń jáde náà á tó bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ ibi tí omi lè gbà wọlé. Bí a ṣe ń mú ẹ̀rọ kéré sí i ni ògiri rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i, omi kò sì kéré sí i. Mo ti rí ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ láìlábàwọ́n lórí tábìlì, tí a rì í sínú omi iyọ̀ gbígbóná kí ooru lè sáré fi hàn wá ohun tí ọdún púpọ̀ yóò ṣe, tí ó sì dákẹ́ kí oṣù díẹ̀ tó pé. Omi gbígbóná kò sì lè sọ gbogbo ohun tí ara máa ṣe fún wa: ara máa ń hu ẹran yí ohun àjèjì ká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń mi wáyà nígbà tí èèyàn bá ń jẹun, iná fúnra rẹ̀ sì ń jẹ irin bí a kò bá fa iye tí a tì síta padà ní déédéé. Ti pọ́ǹpù tún le ju ìyẹn lọ. Ojú ọ̀nà inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, afẹ́fẹ́ bíńtín kan ṣoṣo lè dí i pa, oògùn mìíràn á sì lẹ̀ mọ́ ara ògiri rẹ̀ dípò kó ṣàn. Ohun tí a bá fi sínú orí èèyàn gbọ́dọ̀ lò tó ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, nítorí pé kò sí ẹni tó ń ṣí orí aláìsàn bí ẹni ń ṣí fóònù. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹ̀rọ kan ti ṣiṣẹ́ nínú ilé ìwádìí, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì mọ̀ pé apá tó le jù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e wò. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ti ìsinsìnyí á ti ilẹ̀kùn? Ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Títi okùn wọ inú kọ́kílíà lè pa sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù. Okùn òde òní rọ̀, oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ ọ́n ṣe sì máa ń rọra tì í, àwọn mìíràn ṣì ń gbọ́ ìró ìsàlẹ̀ tiwọn fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbọ́ ọ mọ́, kò sì sí dókítà tó lè búra fún yín pé ẹgbẹ́ báyìí ni ẹ máa bọ́ sí. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò oògùn sísọ sẹ́ẹ̀lì di ààyè náà sábà máa ń kọ etí tí ẹ̀rọ ti wà nínú rẹ̀. Ní apá kejì, ohun tí ẹ̀ ń wò pé ẹ máa pàdánù ní etí òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí kọ̀ǹpútà tó sàn jù bá jáde, apá ìta nìkan ni ẹ ó pààrọ̀, láìsí abẹ. Bí apá inú bá bàjẹ́ tàbí tó di ti àtijọ́ gan-an, wọ́n lè yọ ọ́ kí wọ́n sì fi òmíràn sí i, wọ́n sì ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Etí ọ̀tún yín wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn fún ohunkóhun tó bá ń bọ̀.

Dídúró náà ní iye tó ń ná èèyàn. Lára ohun tó ń sọ bí ẹni tí wọ́n gbin ẹ̀rọ fún yóò ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ tó, iye ọdún tí etí ti wà láìrí ọ̀rọ̀ gbọ́ wà lára àwọn tó lágbára jù. Iṣan tí kò rí iṣẹ́ ṣe á máa rù, ọpọlọ á sì fi àyè rẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá dúró ọdún mẹ́wàá kí ẹ̀rọ alábùkún kan tó dé, ó ṣeé ṣe kó bá iṣan tí kò mọ ohun tó ń gbọ́ mọ́, nítorí pé gbogbo ẹ̀rọ tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí, títí kan ti ìmọ́lẹ̀, ló nílò iṣan tó yè. Ohun tí àbúrò yín kò rò nìyẹn: etí tí ẹ̀rọ ń bá sọ̀rọ̀ lè wà ní ìmúrasílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú ju etí tó dákẹ́ lọ. Mo sì ń ro ti ẹ̀mí yín náà. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ á máa yẹra fún àwùjọ, díẹ̀díẹ̀ ni ilé á di ibi tí kò ti ń jáde.

Ti etí ọ̀tún, ẹ rántí dò-rè-mí. Ìró ìsàlẹ̀ tí etí yẹn ṣì ń gbọ́ ló ń gbé ohùn ọ̀rọ̀ wá, ohun tí ẹ̀rọ àgbìnsétí kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa sì nìyẹn gan-an. Bí ẹ bá ń lo àgbìnsétí ní òsì, tí àfisétí ṣì wà ní ọ̀tún, òsì á máa mú kọ́ńsónáǹtì wá, ọ̀tún á máa mú ohùn wá, ọpọlọ á sì so wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo méjèèjì báyìí, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ariwo àti nínú orin. Fún ẹni tó ń fi èdè olóhùn gbé ayé rẹ̀, n kò ní fi ohun tó ṣẹ́ kù ní etí yẹn ṣeré.

Abẹ náà ní ewu tirẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Òòyì lè kọ́ yín fún ìgbà díẹ̀, ìtọ́wò ẹnu lè yí padà, etí tó ń hó lè dínkù tàbí kó pọ̀ sí i. Iṣan tó ń darí ojú gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, kì í sábà fara pa, àmọ́ ó lè ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀rọ yìí ní ewu yírùnyírùn, àrùn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ wú, ju àwọn mìíràn lọ díẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ṣáájú abẹ. Mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ń mú kí àyẹ̀wò MRI, èyí tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ńlá ya àwòrán inú ara, di ohun tí a gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ ṣètò. Ẹ̀rọ mìíràn sì máa ń kọṣẹ́. Ẹ óò máa ra bátìrì àti wáyà fún ìyókù ayé yín, nítorí náà ẹ má gba ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tó lè tún un ṣe tàbí tún un tò nítòsí yín.

Ẹnjiníà ni mí, n kì í ṣe dókítà etí, n kò sì rí ìwé àyẹ̀wò yín. Àwọn nǹkan kan wà tó lè yí gbogbo ohun tí mo sọ padà. Bí iṣan ìgbọ́ràn kò bá sí, tàbí tí kókó kan ti jẹ ẹ́, ẹ̀rọ inú kọ́kílíà kò ní lè ṣe nǹkan kan. Ti àwọn yẹn ni èyí tí wọ́n ń gbé sí ìdí ọpọlọ, àbájáde rẹ̀ kì í sì í dára tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ awọ ìlù tàbí egungun kéékèèké ló níṣòro, ọ̀nà mìíràn tó rọrùn jù wà. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé etí ọ̀tún dákẹ́ lójijì, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ má dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni: ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ lọ́jọ́ náà, nítorí pé oògùn tí wọ́n lè fi gbà á là kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí ọjọ́ bá ti pọ̀ lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé abẹ, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn dán etí òsì wò nígbà tí àfisétí tí wọ́n tò dáadáa wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ìró tín-ín-tín nìkan. Ẹ ní kí wọ́n yàwòrán iṣan náà. Ẹ bi wọ́n pé irú okùn wo ni wọ́n fẹ́ lò, bó ṣe gùn tó, àti bóyá wọ́n máa ń gbìyànjú láti dá ìró ìsàlẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí. Ẹ bi wọ́n pé MRI agbára wo ni ẹ̀rọ náà gbà, ọdún mélòó ni ẹni tó ṣe é fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí yóò máa kọ́ yín ní gbígbọ́ lẹ́yìn abẹ. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ mú àbúrò yín dání kó gbọ́ ìdáhùn wọn pẹ̀lú yín. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé àlàyé ẹ̀rọ náà tí kò yé yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Apá ti ẹ̀rọ ni mo lè bá yín kà, ti ara yín kù sọ́wọ́ dókítà.